Ilẹ̀kùn Kàtídírà Tí Bàbá Mi Kò Dá Gbẹ́

Iṣẹ́ tèmi ní ọdún tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn kàtídírà nílé wa ni kí n máa já ewé eépín. Igi eépín kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Osi, ewé rẹ̀ le, ó sì ń ha ọwọ́ bí ahọ́n ológbò. Òun la fi ń ra ara igi tí wọ́n bá ti gbẹ́ tán kí ó lè dán. Ní àárọ̀, kí n tó lọ sí iléèwé, màá ti já agbọ̀n kan sílẹ̀. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, tí mo jẹ iṣu sísun àti epo tí Ìyá Àgbà fi pa mọ́ dè mí lẹ́bàá ààrò, màá jókòó sábẹ́ òrùlé páànù tó wà ní àgbàlá, màá máa ra igi títí ìka á fi máa ta mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ mi sì ti fọ́n káàkiri ìlú ńláńlá. Síbẹ̀, ọdún kan yẹn ni ọkàn mi máa ń padà sí jù. Ilé wa kì í dákẹ́ nígbà náà. Òòlù ń dún kó, kó, kó lórí ṣísẹ́ẹ̀lì, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́gi, láti àárọ̀, màmá mi ń gún iṣu, ewúrẹ́ ń ké, Ìyá Àgbà, tí kò yé pe ilé ní "ulé" títí tó fi kú, á sì máa bá adìẹ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Bí òòlù bá dákẹ́ pẹ́, á béèrè láti ìdí ààrò pé, "Kí ló dé? Ṣé igi ti tán ní?"

Oníṣọ̀nà ni bàbá mi. Jósẹ́fù ni wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n Bàbá Tèrésà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Àwa Àgùdà kò pọ̀ nílùú wa. Áńgílíkà pọ̀ jù wá lọ, Onítẹ̀bọmi pọ̀ jù wá lọ, àwọn Aládùúrà aláṣọ funfun gan-an pọ̀ jù wá lọ. Nítorí náà, nígbà tí Fadá gun alùpùpù rẹ̀ wá sílé wa, tó ní Bíṣọ́ọ̀bù ń kọ́ kàtídírà sí ìlú ńlá tó ń gbé, àti pé bàbá mi ni wọ́n yàn láti gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀, inú wa dùn bíi pé wọ́n bí ìbejì sílé. Òyìnbó ni Fadá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń sọ Yorùbá tó mọ́. Ó jókòó lórí àpótí, ó mú igi kékeré kan, ó sì ya ilé náà sórí iyẹ̀pẹ̀ fún wa. Ó ní bí àgbélébùú tí a tẹ́ sílẹ̀ ló ṣe rí. Orí rẹ̀, níbi tí pẹpẹ àti àga Bíṣọ́ọ̀bù máa wà, kọjú sí ìlà oòrùn. Apá méjèèjì ni àwọn akọrin àti àwọn ọmọdé máa jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ńlá, ní ìwọ̀ oòrùn. Òkúta tí wọ́n fọ́ lára àpáta tí wọ́n sì gbẹ́ ní igun mẹ́rin ni wọ́n fi ń mọ ògiri rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ga, orí fèrèsé náà sì ṣe ṣóńṣó bí ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ gbàdúrà. Ó ní ilé kẹta nìyí lórí ilẹ̀ náà. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo èkíní, ìjì sì gbé e lọ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ èkejì, àwọn ìyá ìjọ ló ru omi tí wọ́n fi pò ó, ṣùgbọ́n ikán jẹ òpó rẹ̀, òjò sì fọ ìdí ògiri rẹ̀. "Èyí ò ní wó," ni Fadá wí. "Bí oòrùn bá ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, á tàn sára ilẹ̀kùn yín, Jósẹ́fù. Ẹni tí kò mọ̀wé á dúró níbẹ̀, á sì ka ìtàn Olúwa." Bàbá mi wulẹ̀ ń wo ohun tí Fadá yà sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ oko tuntun hàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ níbẹ̀.

Ojú méjìlá ni ilẹ̀kùn náà máa ní, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀. Ojú méje ni bàbá mi gbẹ́ tán. Ó wà lórí ìkẹjọ, níbi tí ángẹ́lì ti ń kí Màríà, nígbà tí àáké yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì bá a ní ìdí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì, ọwọ́ tó fi ń di ṣísẹ́ẹ̀lì mú. Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo igi náà, èmi ni mo sì fi ewé eépín ra á kúrò lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n rán an, ojú egbò sì jinná. Ṣùgbọ́n iṣan ti já. Àtàǹpàkò náà dúró gbọnrangandan, kò tẹ̀ mọ́, kò sì lè di nǹkan kan mú. Màmá mi ní kó ránṣẹ́ sí Fadá. Bàbá ní bí wọ́n bá gbọ́, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún, àti pé ilẹ̀kùn tí ọwọ́ méjì tí kò mọra bá gbẹ́, ojú rẹ̀ kì í jọra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti igi náà láti àárọ̀ dalẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Ohun tó burú jù létí mi lásìkò náà ni pé òòlù dákẹ́, Ìyá Àgbà kò sì béèrè ohun tó dé mọ́.

Àǹtí Wúrà, àbúrò bàbá mi obìnrin, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ ní Eruku, kò bímọ, ó sì padà wálé pẹ̀lú àpótí kan àti ẹní kan. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Òun ló ń gbá èérún igi lẹ́sẹ̀ bàbá mi, ó ti ń gbá a láti kékeré, nígbà tí bàbá tiwọn ṣì ń gbẹ́gi. Nínú ìdílé wa, obìnrin lè gbá èérún, ó lè ra igi kó dán, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí ó bá fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ á gbẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, gbogbo wa lọ sí Mísà, Àǹtí Wúrà nìkan ló dúró nílé, ó ní òun máa ṣọ́ ìkòkò ègbo tó wà lórí iná. Nígbà tí a dé, ègbo ti jóná. Apá ángẹ́lì tí bàbá mi fi sílẹ̀ láàbọ̀ ti hu ìyẹ́ títí dé ìdí, ìyẹ́ náà fẹ́lẹ́, wọ́n gorí ara wọn bíi ti ẹyẹlé. Àǹtí Wúrà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èérún igi wà nínú irun rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pa ìyẹ́ náà lára.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ló béèrè.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n," ló dáhùn. "Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀ nìkan ni mo ń wò bí mo bá ń gbálẹ̀?"

Bàbá mi wọ yàrá, ó mú ṣísẹ́ẹ̀lì kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn jáde, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Gbogbo wa wo Ìyá Àgbà, torí òun ni àgbà ilé. "Wọ́n á ní a ti mọ ohun tó jẹ ọmọ inú rẹ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tèrésà, lọ ti ilẹ̀kùn àgbàlá."

Láti ọjọ́ náà la ti ń ti ilẹ̀kùn àgbàlá. Òòlù tún ń dún. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko á kígbe láti ìta pé, "Bàbá Tèrésà, ẹ kú iṣẹ́ o," bàbá mi á sì dáhùn láti inú àgbàlá pé, "Ẹ ṣé o," ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí itan rẹ̀. Àǹtí Wúrà ni yóò máa gbẹ́gi, tí kò ní gbójú sókè. Ojú kẹwàá ló pẹ́ lórí rẹ̀ jù, ìyẹn ìgbà tí Màríà lọ bẹ Èlísábẹ́tì wò, tí àwọn méjèèjì lóyún. Màmá mi lóyún àbúrò mi lọ́dún yẹn. Àǹtí Wúrà á pè é kúrò nídìí odó, á ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, tún dúró bí o ṣe dúró lẹ́ẹ̀kan." Màmá mi á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ kan ti ẹ̀gbẹ́, á yọ ikùn síwájú díẹ̀. Àǹtí Wúrà á wò ó, á wò ó, á sì padà sídìí igi. Bí ọmọdé ṣe rí, mi ò ronú rárá nípa ohun tó lè máa là kọjá nínú ọkàn obìnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ oyún méjì. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbẹ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan lásán ní igun ìsàlẹ̀, ó sì ní, "Máa ra igi ná. Ọwọ́ rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n." Mo kùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti yẹ ara mi wò gan-an láti ìgbà náà, mi ò sì fẹ́ fi nǹkan kan pa mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ wá kó ilẹ̀kùn náà lọ, bàbá mi pe Àǹtí Wúrà síwájú gbogbo wa. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù pé ojú márùn-ún níbẹ̀, ìwọ lo gbẹ́ ẹ. Nínú ilé Ọlọ́run, lójú gbogbo ayé, ta ló máa lè bú ẹ?" Àǹtí Wúrà ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n." Òun ló kọ́kọ́ wẹ̀ lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ. Ó wọ ìró àti bùbá aláró tí a kò rí lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé láti Eruku.

Mi ò tíì wọ ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Òpó òkúta tò lọ lápá méjèèjì bí igi inú igbó, mo gbé orí sókè wo àjà títí gèlè mi fi já bọ́. Gíláàsì fèrèsé jẹ́ pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí akọrin bá dákẹ́, ohùn wọn á ṣì máa rìn lókè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn Mísà ni Bíṣọ́ọ̀bù jáde wá síwájú ilẹ̀kùn, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, Fadá lápá ọ̀tún, akọ̀wé kan lápá òsì tó ń kọ gbogbo ohun tó bá wí sínú ìwé ńlá kan. Wọ́n pe bàbá mi síwájú. Ó di ọwọ́ mi mú, a jọ jáde. Ó ti ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù. Àǹtí Wúrà wà láàárín àwọn obìnrin, kò jìnnà sí wa, mo sì rí i tó ń tún gèlè rẹ̀ wé. Bíṣọ́ọ̀bù wo ojú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ó dúró. Ó fi ìka tọ ikùn Màríà.

"Ọkùnrin wo ló mọ bí aboyún ṣe ń dúró tó báyìí?" ló béèrè, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Jósẹ́fù, ṣé ìwọ nìkan lo gbẹ́ gbogbo rẹ̀?"

Ẹnu bàbá mi là, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó tún pa á dé. Gbogbo ayé ń wò ó. Ó di ọwọ́ mi mú le sí i. Bíṣọ́ọ̀bù rò pé ojú ló ń tì í, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ sí mi. Ó ní, "Jẹ́ kí á bi ọmọ rẹ̀, ọmọdé kì í purọ́. Ta ló gbẹ́ eléyìí?"

Mo wo bàbá mi. Mi ò wo ẹ̀yìn.

"Bàbá mi ni, sà," ni mo wí. "Òun nìkan ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Màmá mi ló dúró kó máa wò ó gbẹ́ ẹ. Mo wà níbẹ̀."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo wá yíjú, Àǹtí Wúrà ti sún sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, gèlè rẹ̀ nìkan ni mo rí. Nínú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ó ra àkàrà lójú ọ̀nà, ó bu ú sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Kò bá mi wí, kò bá bàbá mi wí. Ní ọjọ́ kejì, ó fọ gbogbo ṣísẹ́ẹ̀lì, ó fi epo pa wọ́n, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó sì kúnlẹ̀ kó wọn fún bàbá mi. "Ẹ gba nǹkan yín, ẹ̀gbọ́n." Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kó lọ sí Obbo-Aiyegunle, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ìyá wọn, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń yan gàrí.

Ọdún kò tíì yípo tí Fadá fi padà wá. Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí bàbá mi gbẹ́ àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú, mẹ́rìnlá, tí wọ́n á gbé kọ́ ara ògiri kàtídírà náà yípo. Bàbá mi lọ bá Àǹtí Wúrà ní Obbo-Aiyegunle, ó padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, kò sọ fún wa. Ó ránṣẹ́ sí Fadá pé òun kò lè ṣe é, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́, pé ìyìn ti kó sí i lórí. Kò gbẹ́ igi kankan mọ́ títí ó fi kú; iṣu ló ń gbìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èmi àti òun ń kó iṣu jọ lóko. Ó ní, "Èmi ni wọ́n bi. Èmi ló yẹ kó dáhùn. Má gbé e rù mọ́, Tèrésà." Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù kì í bọ́ nítorí pé ẹlòmíì ní òun náà ń ru ú. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ kí bàbá mi tóbi, mo sì mọ ẹni tí mo gba ìyìn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo di olùkọ́, mo gun ọ̀kadà lọ bẹ Àǹtí Wúrà wò. Mo ti to ọ̀rọ̀ àforíjì mi láti ilé. Mo bá a nídìí agbada gàrí, èéfín ń ta á lójú. Ó fún mi ní ìjókòó, ó ní kí n bá òun ro gàrí díẹ̀. A rò ó pọ̀. Nígbà tó yá, ó dédé sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Ìwọ kọ́ ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wò." Ó ti igi wọ inú iná. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀." Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin méjì wọlé wá ra gàrí, wọ́n jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Mo ní mo máa padà wá nígbà ìsinmi iléèwé. Nígbà ìsinmi yẹn, ọmọ mi ń ṣàìsàn. Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òjò ba ọ̀nà jẹ́. Ìgbà tí mo máa padà sí Obbo-Aiyegunle, ìsìnkú rẹ̀ ni mo bá lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń yan gàrí ló sọkún jù. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé ó gbẹ́gi rí.

Lọ́dún tó kọjá ni mo gbọ́ pé wọ́n ń kọ ìwé ìtàn kàtídírà náà fún ayẹyẹ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ. Wọ́n ti kun àjà, wọ́n ti fi táìlì sí ilẹ̀, fáànù ń yí níbi tí ohùn akọrin máa ń rìn sí. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn èèyàn ti ra ikùn Màríà títí ó fi ń dán ju ibi tí mo fi ewé eépín ra lọ, torí àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó wọlé. Fadá ọ̀dọ́ kan ló ń kọ ìwé náà, ọmọ Iloffa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nígbà tí mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí apá ángẹ́lì dé orí gàrí. Ó gbọ́ mi títí. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ńlá kan jáde, ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó sì kà á fún mi: pé níwájú Bíṣọ́ọ̀bù àti gbogbo ìjọ, ọmọ oníṣọ̀nà náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé bàbá òun nìkan ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀, òun sì wà níbẹ̀.

"Mọ́mì," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ṣé ẹlòmíì wà tó lè bá yín jẹ́rìí sí ohun tí ẹ ń sọ yìí?"

Mo ronú. Bàbá mi ti lọ, màmá mi ti lọ, Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Inú màmá mi ni àbúrò mi ṣì wà nígbà náà. "Kò sí," ni mo wí. "Èmi nìkan ló kù."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò mọ̀. Irọ́ tèmi ti rìn ju ogún ọdún lọ dáadáa, ó wọ inú ìwé, ó jókòó, wọ́n sì fi ohùn ọmọdé dì í mú. Fadá ọ̀dọ́ náà ṣe ohun tó lè ṣe. Nígbà tí ìwé jáde, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi ní Osi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo wọ ojú gíláàsì mi, mo wá ojú ewé náà rí. Orúkọ bàbá mi kún ibẹ̀, wọ́n yìn ín dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbólóhùn kan wà: "A tún gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ràn án lọ́wọ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mo tilẹ̀ ti mú fóònù kí n pe Fadá. Mo wá gbé e sílẹ̀, nítorí mi ò rí ẹni tó yẹ kí n bínú sí nínú gbogbo wọn, yàtọ̀ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó ti dàgbà.